Kí lo fẹ́ fi ìbínú yẹn ṣe?

Àbúrò mi, o ní ọ̀gá rẹ ní Maitama ń bú ẹ níwájú èèyàn, ò ń gbé e mì, àmọ́ tó o bá ti délé ní Nyanya, orí àwọn ọmọ lo ti ń tú u dà. O wá ń wá ọ̀nà tí ìbínú á fi kúrò lára ẹ pátápátá. Mi ò ní bá ẹ wá ìyẹn o. Èmi alára ń lo tèmi.

Aṣọ ni mò ń rán ní Wuse. Bí oníbàárà bá ní ọrùn bùbá òun fẹ̀ jù, tó sì jẹ́ òun ló mú àwòrán wá, mo máa ń sọ fún ara mi pé òde ọ̀la ló ń kó o láyà sókè. Ara mi á rọlẹ̀, torí mo fẹ́ kó padà wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ sin owó aṣọ ẹbí ní Gwarinpa, mi ò jẹ́ kára mi rọlẹ̀ rárá. Inú mọ́tò ni màá ti ṣí WhatsApp, màá máa ka gbogbo "ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" tí wọ́n ti kọ sí mi. Kí n tó dé ẹnu géètì, ojú ti le. Tí mo bá fẹ̀rín wọlé, ẹlẹ́rìndòdò tútù ni wọ́n á gbé fún mi, owó ò ní jáde.

Maya Tamir, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú èyí nínú ìwádìí wọn ní 2008. Àwọn tó mọ̀ pé eré ìjà lórí kọ̀ǹpútà ló kàn yan ohun tó máa múnú bí wọn, ìbínú náà sì ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú eré ìjà. Nínú eré tí ò la ìjà lọ, kò wúlò.

Tìẹ wá ńkọ́? Owó oṣù lo torí ẹ̀ ń dijú mọ́rí lọ́fíìsì. James Gross, tóun náà jẹ́ onímọ̀ bẹ́ẹ̀, ti dán ìyẹn wò: ojú lásán ló ń tutù, inú ṣì ń hó. Nílé, kò sẹ́ni tó lè lé ẹ níṣẹ́, ìdí tó o fi ń pa á mọ́ra ti tán, ló bá bú jáde. Wá ìdí mìíràn tó jẹ́ ti ilé kó o tó sọ̀ nínú mọ́tò. Ní ti ọ̀gá, má fún un lésì o, owó ilé ìwé ti dé tán. Lọ́jọ́ tó bá tún bú ẹ, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o jókòó kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, kí inú tó rọ̀.