Ẹṣin Tí Ojú Rẹ̀ Fọ́

Ìbéèrè: Ẹṣin tí ìdílé wa máa ń gùn lọ sí Ojúde Ọba ti fọ́ lójú méjèèjì. Ṣé kí a tà á ni? Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì tà á. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko yẹ ojú náà wò ná, nítorí àìsàn ojú wíwú tó ń lọ tó ń bọ̀ ló sábà máa ń sọ ẹṣin di afọ́jú, ìrora rẹ̀ sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ìríran ti lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi okùn fà á yí ọgbà ká lójoojúmọ́, títí yóò fi mọ ibi tí omi, oúnjẹ àti ògiri wà, kí ẹ má sì ṣí wọn nípò mọ́. Ẹ máa sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí ẹṣin tí àyà rẹ̀ já lójijì lè ta ènìyàn nípàá. Ẹ yan ọ̀rọ̀ kan fún ìdúró, òmíràn fún òkè, òmíràn fún kòtò, kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì máa lo ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹṣin jẹ́jẹ́ kan tí ẹ so agogo mọ́ lọ́rùn yóò wúlò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ti Ojúde Ọba, èmi kò ní gbé e lọ: ariwo ìbọn àti èrò ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún ẹṣin tó fi etí ríran.