Nguru, Gashua, Potiskum tàbí Damaturu: ibo ni ká kó lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Kubwa ní Abuja là ń gbé. Ọkọ mi ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi sóko ṣe, ó sì ti rí iṣẹ́ ọdún méjì lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbin ìrẹsì àti yànmọ̀tí ní ìpínlẹ̀ Yobe, láàárín Nguru sí Gashua. Ibi tó bá wù wá la lè gbé. Aránṣọ ni mí, àwọn ìbejì wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìyá ọkọ mi tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lọ́dọ̀ wa. Nínú àwọn ilé tí wọ́n bá wa wò, ti Gashua ló rọjú jù. Àwọn kan sì ní Damaturu ni ká lọ nítorí pé olú-ìlú ni. Ẹ bá wa dá sí i. — Ìyá Ìbejì, Kubwa

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Nguru ni àwa fara mọ́, àmọ́ ẹ má sanwó ilé kankan kí ẹ tó mọ irú omi tó ń jáde níbẹ̀.

Ẹ má fi ooru yan ìlú, torí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gbóná. Láti oṣù kẹta wọ oṣù kẹfà, ó máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ má sì jẹ́ kí owó ilé Gashua wọ̀ yín lójú. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń ké gbàjarè nípa àrùn kíndìnrín ní Gashua àti agbègbè rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń ba kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín tó bàjẹ́ a sì tún máa gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Ibẹ̀ kọ́ la ó mú Mama lọ. Ẹ̀bá ibẹ̀ náà ni odò Hadejia àti Jama'are ti pàdé di odò Yobe, omi sì máa ń ya wọ àdúgbò ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án. Bí ẹ bá rí ìlà aláwọ̀ ẹrẹ̀ tó lọ gbọọrọ lára ògiri ilé kan, ibi tí omi mu dé nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yín nìkan ni, Potiskum là bá ní kí ẹ lọ. Ojú ọ̀nà Kano sí Maiduguri ló wà, ọjà màlúù rẹ̀ wà lára àwọn tó tóbi jù ní Nàìjíríà, èrò ò sì dá níbẹ̀. Damaturu ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ju 160 kìlómítà lọ sí Gashua, wáyà iná tó ń bọ̀ láti Gombe sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn abanijẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú méjèèjì, ọjọ́ ìsinmi nìkan ni Bàbá Ìbejì yóò máa wálé. Nguru sún mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ sì wà níbẹ̀ fún Mama.

Ó wá ku omi. Ẹ wo eyín àwọn ọmọ tó ti pààrọ̀ eyín nínú ọgbà tí wọ́n ti ń mu omi náà láti kékeré. Bí eyín iwájú wọn bá ní àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú tí fífọ̀ kò mú kúrò, ó ṣeé ṣe kí fluoride, èròjà kan tó máa ń wà nínú omi ilẹ̀, ti pọ̀ jù nínú omi náà. Síse kò ní mú un lọ. Kòkòrò ni síse ń pa, bí omi bá sì ṣe ń fà nínú ìkòkò ni fluoride inú rẹ̀ ń ki sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fa omi dànù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi omi yẹn ṣan ike tó mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ rọ ọ́ kún dẹ́nu, kí ẹ sì gbé e lọ síbi àyẹ̀wò omi lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ní kí wọ́n wo fluoride, nitrate, arsenic àti òjé. Nínú lítà kan, fluoride kò gbọdọ̀ ju míligíráàmù 1.5 lọ, arsenic tàbí òjé kò gbọdọ̀ ju 0.01.

Ẹ̀yin márùn-ún yóò lo nǹkan bíi lítà 150 lóòjọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 méje àtààbọ̀. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ ò fa omi, ọwọ́ mẹ́ruwà lẹ ó ti máa rà á. Táńkì onílítà 1,000 á gbé yín fún ọjọ́ mẹ́fà.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni kí ẹ lọ wo ilé, nínú oṣù kẹrin. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri yàrá tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bó bá ṣì ń ta yín lọ́wọ́, búlọ́ọ̀kù ti mu oòrùn yó, ooru rẹ̀ ni fáànù yóò sì máa fẹ́ kiri mọ́jú. Mama kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀. Ẹ má gba ilé onípáànù tí kò ní sílíìnì. Ìlà-oòrùn àríwá ni ọyẹ́ ti ń gbé eruku bọ̀, ẹ má ṣe kọjú máṣíìnì yín sí fèrèsé ibẹ̀. Ẹ máa nù ún kí ẹ tó kán òróró díẹ̀ sí i. Òróró tó pọ̀ ló ń di ẹrẹ̀ mọ́ ìdí bóbìnì.

Kí Bàbá Ìbejì lọ kí bùlámà, olórí àdúgbò, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ó mọ ilé tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó gbéra, kí dókítà yẹ kíndìnrín Mama wò, kí ẹ sì bi í nípa oògùn tó ń múni tọ̀, torí ooru náà ń fa omi ara. Kí gbogbo yín gba abẹ́rẹ́ àjẹsára yínrùnyínrùn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn-àjò. Ẹ má rìn lóru rárá. Ẹ pín ọ̀nà sí ọjọ́ méjì, awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé ni kí ẹ sì bi bí ọ̀nà ṣe rí, kì í ṣe ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

ÌBÉÈRÈ: A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Damaturu. Ọjọ́ kejì tí a bá ra tòmátì àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń rọ, iná ò sì dúró fún fíríìjì. — Bàbá Káyọ̀dé

ÌDÁHÙN: Ẹ ra ìkòkò amọ̀ méjì tí wọn ò kùn, kí ọ̀kan wọ inú èkejì kí àyè ìka mẹ́ta sì ṣẹ́ kù yí i ká. Ẹ da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ àti sí àyè náà, ẹ bu omi sí iyanrìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ fi àpò tútù bo ẹnu rẹ̀. Bí omi ṣe ń gbẹ lára ìkòkò ìta ló ń fa ooru kúrò nínú ti inú. Olùkọ́ kan ní Jigawa, Mohammed Bah Abba, ló tan ọgbọ́n yìí kálẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Abẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kó wà. Ẹ máa ṣa èyí tó bá ti fẹ́ jẹrà kúrò lójoojúmọ́. Bí òjò bá pọ̀ ní oṣù kẹjọ, atẹ́gùn á kún fún ọ̀rinrin, omi ò ní tètè gbẹ, ìkòkò náà kò sì ní tutù tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà yẹn, ẹ ra ìwọ̀nba èyí tí ẹ ó jẹ lọ́jọ́ méjì.