Tóbi lo oògùn ibà, ó họra mọ́jú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ibà mú ọmọ mi, ọmọ ọdún 17, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ra oògùn lọ́wọ́ ẹnì kan ládùúgbò wa. Hóró funfun mẹ́rin ló dì sínú bébà fún mi, ó ní chloroquine ni. Nígbà tó di alẹ́, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Òòyà ló fi ń ha àtẹ́lẹsẹ̀! Ìyá ọkọ mi ní ibà ló ń jáde, kó lọ fi omi gbígbóná wẹ̀. Bí omi ṣe kàn án lára ló figbe ta. Mo wo ara rẹ̀ títí, n kò rí nǹkan kan tó sú. Ó ti wá búra pé òun kò ní lo oògùn ibà mọ́. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Tóbi, Oǹdó.

ÌDÁHÙN: Ìyá Tóbi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi kí ọmọ náà. Mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní 1988 tí mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo gbé hóró mẹ́rin bẹ́ẹ̀ mì lọ́sàn-án. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ara férémù ilẹ̀kùn yàrá wa ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́ níbí, ni mo ń fi ẹ̀yìn ha. Ó dà bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún mi lábẹ́ awọ, bẹ́ẹ̀ ara mi ń dán, kò sí ohun tó sú níbẹ̀.

Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún màmá pé ibà kọ́ ló ń jáde. Chloroquine gan-an ló fà á, ó sì wọ́pọ̀ gan-an lára àwa èèyàn dúdú. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá lò ó ló máa ń bẹ̀rẹ̀, á le sí i títí di ọjọ́ kejì, á sì lọ láàárín ọjọ́ 2 sí 3. Omi máa ń ru ú sókè fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Piriton lè dín in kù díẹ̀, àmọ́ kì í pa á tán, ó sì máa ń kunni lóorun.

Hóró inú bébà yẹn ló dùn mí jù. Láti 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní ACT, bíi artemether àti lumefantrine, rọ́pò chloroquine, torí pé kòkòrò ibà kì í gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Tóbi lè jìyà lásán kí ibà ṣì wà lára rẹ̀! Bí ara rẹ̀ bá tún gbóná, ẹ mú un lọ sí ilé ìlera fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. ACT kì í sábà fa irú yíyún yẹn, kó má bẹ̀rù.

Àmọ́ yíyún kan wà tí mi ò fẹ́ kí ìyá kankan fi sùn. Bí ètè tàbí ojú bá wú, bí mímí bá nira, bí ara bá lé ròrò, tí ẹnu bó tàbí tí ojú pọ́n, pàápàá lẹ́yìn Fansidar (oògùn ibà mìíràn) tàbí Septrin (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn), ẹ má fún un ní hóró mìíràn. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ òru. Ẹ mú páálí oògùn náà dání.

Ẹ kọ «chloroquine ń yún un» sí iwájú káàdì ìwòsàn Tóbi, kí ẹ fi bírò pupa kọ ọ́. Tèmi ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì mi.