Níbo Ni Kí A Ti Jẹun ní Zanzibar?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lo ìsinmi wa ní erékùṣù Zanzibar. Níbo ni a ti lè jẹun gidi láìná owó gọbọi?

ÌDÁHÙN: Stone Town, àdúgbò àtijọ́ inú ìlú Zanzibar, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn alásè máa ń pàtẹ sí ọgbà Forodhani létí òkun, níbi tí ẹ ó ti rí ẹni tí ń na ìyẹ̀fun pípò títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí aṣọ, tí yóò da ẹran lílọ̀, àlùbọ́sà àti ẹyin sí i láàárín, tí yóò ká a pọ̀, tí yóò sì dín in lórí irin gbígbóná; píṣà Zanzibar ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jọ ti àwọn ará Ítálì rárá. Ní ti ẹja, ẹ béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí iná. Urojo, ọbẹ̀ tó kan díẹ̀, tí wọ́n bu ọ̀dùnkún àti bajia (irú àkàrà kéékèèké kan) sí, ni èmi fẹ́ràn jù.

Lọ́sàn-án, ẹ lọ sí ilé oúnjẹ Lukmaan ní àdúgbò Mkunazini fún pilau, ìrẹsì tí wọ́n fi èròjà atasánsán sè, àti ẹja inú ọbẹ̀ àgbọn. Àmọ́ ẹ má lọ nínú oṣù Ramadan, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ìlú náà kì í ṣí títí oòrùn yóò fi wọ̀.