Báwo ni àwọn ará àdúgbò ṣe lè gba ilé àtijọ́ là kí wọ́n tó wó o?

Àkọsílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kì í ṣe ìwọ́de. Ẹ ya fọ́tò ilé náà tinú-tòde, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ rí onílé kí ẹ tó kọ̀wé sí ìjọba. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó lè yára wó o kí òfin tó dé. Àmì ìrántí lára ògiri lásán kì í dá katakata dúró, àfi kí orúkọ ilé náà wọ ìwé òfin tí ìjọba fi ń dáàbò bo ilé àtijọ́. Tó bá kan àtúnṣe, ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀: omi á há sínú rẹ̀, ògiri á sì máa ṣí. Amọ̀ náà ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ.