Ẹni mẹ́fà péré ni wá: ṣé a lè bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àwa tó ń kọ sọ́fítíwọ̀ inú ẹ̀rọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 26 ni mí, Bódìjà n'Íbàdàn ni mò ń gbé. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mítà fún àwọn tó ń lo sólà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi nìkan ni mo sì ń kọ sọ́fítíwọ̀ tó wà nínú mítà náà. Mo mọ àwọn márùn-ún mìíràn nígboro tí a jọ ń lo ESP32 (ṣípù kan tó ní Wi-Fi àti Bluetooth) àti Zephyr (sọ́fítíwọ̀ ìpìlẹ̀ tó ń darí irú ṣípù bẹ́ẹ̀), àmọ́ orí WhatsApp nìkan la ti ń ríra. Mo fẹ́ ká máa pàdé lójúkojú lóṣooṣù. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó di ìgbà tá a bá rówó ńlá? Ọ̀gá mi náà ń bẹ̀rù pé mo lè tú àṣírí ilé iṣẹ́ síta.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú làálàá. Mo mọ bó ṣe máa ń rí kí ẹnì kan ṣoṣo dá jókòó ti iṣẹ́ yìí, kí mítà máa kú lóru, kó má sì sẹ́ni tí èèyàn lè pè pé, "Jọ̀ọ́, wá bá mi wo nǹkan yìí." Ẹni mẹ́fà tó. Ẹ má dúró de owó. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú: kí ẹnikẹ́ni má ṣe padà sílé láìjẹ́ pé nǹkan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó kékeré tí ṣípù wà lórí rẹ̀, níṣojú rẹ̀. Ìpàdé tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sísọ àti fọ́tò yíyà parí, àwọn èèyàn kì í padà wá síbẹ̀ lóṣù kejì.

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí èmi ṣètò, aago mẹ́wàá àárọ̀ la jókòó, mo sì ní kí oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ sí í fa Zephyr wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Zephyr fúnra rẹ̀, àwọn àfikún tó ń bá a rìn, àti irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ, gígábáìtì lórí gígábáìtì ni. Orí fóònù kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ti ń fa dátà. Nígbà tó máa fi di aago kan ọ̀sán, ẹni méjì péré ni tiwọn ti wọlé, ibẹ̀ ni iná ti lọ. A ò kọ ìlà kóòdù kan lọ́jọ́ náà. Ó dùn mí, torí pé ẹnì kan ti Ìlọrin wá.

Nítorí náà, ilé ni kí o ti fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ṣe `west update` (west ni irinṣẹ́ tí Zephyr fi ń kó kóòdù rẹ̀ jọ), kí o sì ṣe `west blobs fetch hal_espressif` mọ́ ọn, torí pé Wi-Fi àti Bluetooth ESP32 ò ní ṣiṣẹ́ láìsí àwọn fáìlì yẹn. Kó gbogbo fódà náà sórí fláàṣì méjì mẹ́ta, kí wọ́n máa dà á kọ bí wọ́n bá ṣe ń dé. Zephyr SDK, ìyẹn àpò irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ, bó bá pé pérépéré, ń gbé irinṣẹ́ oríṣiríṣi ṣípù. Ẹ̀dà kékeré rẹ̀ wà tí èèyàn ti lè mú kìkì èyí tó bá ń lò. Xtensa ni orúkọ irú ṣípù tí ESP32 tẹ́ ẹ̀ ń lò jẹ́. Èyí tó kéré ni kẹ́ ẹ mú.

Bọ́ọ̀dù kan náà ni kí gbogbo yín lò. Bó bá jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìṣòro ẹnì kan ò ní kọ́ ẹlòmíì ní nǹkan kan.

Ẹ wá ṣọ́ra fún wáyà. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó lo wákàtí kan gbáko, tó ń yẹ kóòdù rẹ̀ wò láti òkè dé ilẹ̀. Iná pupa bọ́ọ̀dù rẹ̀ ń tàn, àmọ́ láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ò rí i. Mo yọ wáyà tirẹ̀, mo fi tèmi sí i, bọ́ọ̀dù náà sì yọjú lójú ẹsẹ̀. Wáyà tí wọ́n fi ń ṣáàjì fóònù lásán ni tirẹ̀: iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, dátà ò lè gbà á. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ki wáyà kọ̀ọ̀kan bọ láptọ́ọ̀pù àti bọ́ọ̀dù, kí o sì tẹ `ls /dev/ttyUSB*` lórí Linux, láti wò ó bóyá láptọ́ọ̀pù rí bọ́ọ̀dù. Èyí tí kò bá mú nǹkan kan wá, so ó ní kókó kí ẹnikẹ́ni má baà tún fọwọ́ kàn án. Bí láptọ́ọ̀pù bá wá rí bọ́ọ̀dù ṣùgbọ́n tó ní "Permission denied", `sudo usermod -aG dialout $USER` ni oògùn rẹ̀ lórí Ubuntu (ẹ̀yà Linux kan), kí ẹni náà jáde nínú àkáǹtì rẹ̀ kó sì tún wọlé. Bó bá sì dúró síbi "Connecting....", tí àwọn àmì kékeré tó tẹ̀ lé e náà kàn ń pọ̀ sí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì BOOT mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún wọn ni `blinky`, kí iná LED kan máa ṣẹ́jú. Ó dà bí eré ọmọdé, àmọ́ ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ jinlẹ̀. Orúkọ kan, `led0`, ni blinky ń wá nínú devicetree, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ fún Zephyr ohun tó wà lórí ẹsẹ̀ ṣípù kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ yẹn ò bá sí nínú àkọsílẹ̀ bọ́ọ̀dù yín, kóòdù náà ò ní lè di èdè ẹ̀rọ rárá. Ẹ má ṣe tètè bá wọn tún un ṣe. Jẹ́ kí wọ́n fi LED kan àti rẹsísítọ̀ 330 ohm sẹ́sẹ̀ tí wọ́n bá yàn, kí wọ́n kọ fáìlì overlay (àfikún sí àkọsílẹ̀ bọ́ọ̀dù náà) ìlà díẹ̀ tó sọ pé ibẹ̀ ni `led0` wà. Ẹni tí iná rẹ̀ bá ṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn ti lóye ohun tó ń ta ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ lẹ́sẹ̀ fún oṣù gbọọrọ.

Ẹni tí kò ní bọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ jókòó kó máa wòran. Kó lo `native_sim`: Zephyr á máa ṣiṣẹ́ lórí Linux inú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ bíi ètò mìíràn.

Ní ti ibi ìjókòó, yàrá tó bá ti ní ínfátà àti ihò iná tó pọ̀ ti tó. Àárọ̀ Sátidé ló dára jù. Bó bá ti di ọ̀sán, òde á ti gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ yín.

Bó bá fi máa di oṣù kẹta, kí ẹ ní nǹkan tẹ́ ẹ máa dá padà. Bí ìlànà kan nínú ìwé àlàyé Zephyr bá já yín kulẹ̀, ẹ jọ tún gbólóhùn yẹn kọ, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù wọn sí. Wọ́n lè dá a padà nígbà méjì mẹ́ta pé kẹ́ ẹ tún un ṣe. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo ayé nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n gba àtúnṣe àkọ́kọ́ láti ọ̀dọ̀ wa, ìlà mẹ́rin péré ni, a hó yèè.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ wá kù. Ẹ̀rù rẹ̀ tọ́, má ṣe fojú kéré rẹ̀. Zephyr, tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Linux Foundation lọ́dún 2016, àṣẹ Apache 2.0 ló ń lò: ilé iṣẹ́ yín lè fi ṣe mítà, kó sì tà á láìfi kóòdù tirẹ̀ han ẹnikẹ́ni, bó bá ti fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà sínú ọjà. Linux ló yàtọ̀. Àṣẹ tí wọ́n ń pè ní GPL, ẹ̀dà kejì, ni tirẹ̀: bẹ́ ẹ bá ta ẹ̀rọ tí Linux wà nínú rẹ̀, ẹni tó rà á lẹ́tọ̀ọ́ sí kóòdù Linux tẹ́ ẹ lò, tòun ti àtúnṣe tẹ́ ẹ ṣe sí i. Ṣàlàyé èyí fún ọ̀gá rẹ, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀.

Àmọ́ bí o bá ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí Zephyr, ìlà "Signed-off-by" tí `git commit -s` (git ni irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àtúnṣe kóòdù) ń fi sísàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ, ìwọ lò ń fi orúkọ ara rẹ jẹ́rìí pé o lẹ́tọ̀ọ́ láti fi kóòdù yẹn sílẹ̀. Ohun tí o bá kọ lákòókò iṣẹ́ lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Gba ìyọ̀ǹda ọ̀gá rẹ sórí ìwé kí o tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Ní ti ìpàdé, bọ́ọ̀dù tìrẹ tí o fowó ara rẹ rà ni kí o gbé lọ. Fi mítà ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ.