Mò ń fi oògùn pamọ́ fún ọkọ mi, a sì ń wá ọmọ

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé, lápá Abuja níbí. Ọmọ ọdún 33 ni mí, ó di ọdún méjì ààbọ̀ tí a ti ṣe yìgì. Kí n tó mọ ọkọ mi ni wọ́n ti sọ fún mi ní ọsibítù pé tairọ́ìdì mi, ẹran ara kékeré kan lọ́rùn, ò ṣiṣẹ́ tó. Nígbà yẹn, ó ń rẹ̀ mí ṣáá, òtútù ń mú mi níbi tí àwọn ẹlòmíì ti ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, irun mi ń já. Wọ́n fún mi ní levothyroxine, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí n máa lò ó títí ayé. Màmá mi ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà máa pè mí ní onígẹ̀gẹ̀. N ò sọ fún ọkọ mi títí di òní. Inú mọ́tò ni mò ń kó oògùn náà sí. Tí mo bá dé ọ́fíìsì ní Central Area, mo máa ń fi tíì gbé e mì. 50 máíkírógíráàmù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún mi, wọ́n sọ ọ́ di 75, ó ti di 100 báyìí, síbẹ̀ 6.8 ni TSH, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún tairọ́ìdì, tí mo ṣe kẹ́yìn. Nǹkan oṣù mi ò dúró sójú kan. Ìyá ọkọ mi ń fi àgbo ránṣẹ́ láti Ìlọrin. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wá ní oògùn yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí oyún dúró, pé kí n dá a dúró kí ààwẹ̀ tó wọlé, kí inú mi lè mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n dá a dúró? Ṣé ó sì pọn dandan kí ọkọ mi mọ̀?*

*Ìyàwó Kubwa*

Àbúrò mi, má dá oògùn yẹn dúró. Mo fẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ létí ná, nítorí mo mọ bí ẹni tó ń wá ọmọ ṣe máa ń ka lẹ́tà: ojú á ti sáré dé ìsàlẹ̀ kí ọkàn tó dé àárín.

N ò rò pé ibi ni ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ ń fẹ́ fún ọ, àmọ́ ó dorí ọ̀rọ̀ kodò. Ohun tó wà nínú hóró yẹn kì í ṣe àjèjì sí ara. Họ́mọ́ọ̀nù, èròjà tó ń darí iṣẹ́ ara, tí tairọ́ìdì ìwọ fúnra rẹ ì bá máa ṣe ni wọ́n ṣe síbẹ̀. Tó o bá yọ ọ́ kúrò, inú rẹ ò mọ́, ó kàn ṣófo ni. Àìtó họ́mọ́ọ̀nù yìí gan-an ló ń da ìgbà tí ẹyin ń jáde rú, tí nǹkan oṣù á fi máa ṣe ségesège, tí oyún tó bá sì dúró á fi lè wálẹ̀. Ó tún lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún, tàbí kí ọmọ dé kí oṣù rẹ̀ tó pé.

Ọ̀rọ̀ TSH yẹn, bóyá wọn ò ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. Tairọ́ìdì ni ẹran ara kékeré iwájú ọ̀fun tó rí bíi labalábá tó na ìyẹ́. Òun ló ń pàṣẹ bí ara ṣe máa yára tó. TSH kì í ṣe ti tairọ́ìdì. Ọpọlọ ló ń fi ránṣẹ́ sí i pé kó ṣiṣẹ́. Bí tairọ́ìdì bá ń jẹ́ ìpè, ọpọlọ á rọra máa sọ̀rọ̀, nọ́ńbà á wálẹ̀. Bí kò bá jẹ́ ìpè, ọpọlọ á gbé ohùn sókè. 6.8 tìrẹ yẹn, ariwo ni. Fún obìnrin tó ń lo oògùn yìí tó sì fẹ́ lóyún, ibi tí àwọn dókítà ń fẹ́ kó wà ni ìsàlẹ̀ 2.5.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà nípa rẹ̀ kí oyún tó dé rèé. Títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá, ọmọ inú ò tíì ní tairọ́ìdì tó lè dá ṣe nǹkan kan. Ó máa ń tó ìdajì oyún kó tó lè gbára lé tirẹ̀ dáadáa. Ní gbogbo àsìkò yẹn tí ọpọlọ rẹ̀ ń hù, lára ìyá ló ti ń bù lò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì tíì mọ̀ pé a lóyún títí ọ̀sẹ̀ karùn-ún tàbí ìkẹfà. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tó rí oyún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe, àlejò ti wọlé.

Wàyí o, tíì. Àbúrò mi, mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. O ní wọ́n ń fi kún oògùn, nọ́ńbà ò sì wálẹ̀. Ìwọ àti dókítà rẹ ń fa okùn kan náà sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: òun ń bù ú sí i, ìwọ ń fi tíì àti mílíìkì fọ̀ ọ́ dànù. Òfìfo inú ni oògùn yìí ń fẹ́. Òwúrọ̀ kùtù, omi lásán, kí ó sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ohunkóhun tó tẹ̀ lé e. Tíì àti kọfí kì í jẹ́ kó wọ ara. Mílíìkì náà kì í jẹ́ kó wọ ara, títí dórí fura da nono. Àwàrà tí wọ́n ń dín lójú títì, ẹ̀wà soya ni, òun náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé kó o má jẹ wọ́n o; kí wọ́n kàn má bá a pàdé nínú ikùn ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó ní áyọ́ọ̀nù nínú, àti kálísíọ́ọ̀mù ló burú jù nínú wọn: wákàtí mẹ́rin gbáko ló gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn àti levothyroxine.

Inú mọ́tò tún ńkọ́? Ìwọ náà mọ bí mọ́tò tí wọ́n gbé sójú oòrùn ní Central Area ṣe máa ń rí tó o bá ṣílẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án oṣù kẹta. Oògùn yìí ò fẹ́ ooru, kò fẹ́ ọ̀rinrin, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀, wàá rí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé hóró tó o pè ní 100 yẹn ò tó 100 mọ́ kó tó dé ẹnu rẹ.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tún fi kún un, padà sọ́dọ̀ dókítà, kó o sì sọ bó o ṣe ń lò ó gan-an, má fi ìtìjú bù kúrò níbẹ̀. Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Tí oògùn rere bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bó ṣe yẹ, 100 lè tó, ó tilẹ̀ lè pọ̀ jù. Bí àyà rẹ bá ń já pàìpàì, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí oorun ò wá, tètè sọ fún wọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé dókítà gbogbogbòò ló ń tọ́jú rẹ, ní kó kọ̀wé fún ọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa họ́mọ́ọ̀nù ní ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Gwagwalada tàbí National Hospital. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni TSH máa ń gbà kó tó jókòó lẹ́yìn àyípadà. Lo oògùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ tó wá tẹra mọ́ wíwá ọmọ. Ó yẹ kí ẹ máa fi kọ́ńdọ̀ọ̀mù ṣọ́ra títí nọ́ńbà á fi wálẹ̀.

Àbí báwo lo ṣe fẹ́ ní kí ọkọ tó ti ń dúró de ọmọ láti ọdún méjì ààbọ̀ máa lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù láìsọ ìdí?

Ibẹ̀ ni ìbéèrè rẹ kejì ti dáhùn ara rẹ̀. Ó pọn dandan kó mọ̀. N ò fẹ́ wàásù fún ọ nípa òtítọ́ láàárín tọkọtaya, àlúfáà yín á ti ṣe ìyẹn lọ́jọ́ yìgì. Ìkọ̀kọ̀ náà ló ń ba oògùn jẹ́, ìyẹn ni mo rí. Nítorí kó má rí i lo ṣe gbé e sínú mọ́tò. Nítorí pé ó wà nínú mọ́tò ni kò fi sí lọ́wọ́ rẹ nígbà tí inú ṣì ṣófo. Tíì ló wá bá a pàdé. Bó o bá ti sọ fún un, ìdajì ìtọ́jú ti ṣe.

Ohun mìíràn tún wà tí mo rò pé o ò tíì rò. Kí ló máa wá sí i lọ́kàn bó bá ṣí àpótí iwájú mọ́tò lọ́jọ́ kan, tó bá oògùn tí ìyàwó rẹ̀ ń lò lójoojúmọ́ láìsọ fún un, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń se àgbo ọmọ ránṣẹ́ láti Ìlọrin? Á ní o ń fètò sí ọmọ bíbí lẹ́yìn òun ni. Mo ti rí ilé tó fẹ́ẹ̀ tú nítorí oògùn ọgbẹ́ inú tí ọkọ bá nínú báàgì ìyàwó, wọ́n sì ti bímọ mẹ́ta nígbà yẹn.

Bá a sọ ọ́ lọ́jọ́ tí kò rẹ̀ ẹ́, nínú yàrá, kì í ṣe nínú gòsílóò Kubwa. Má ṣe é ní gígùn. Sọ pé: "Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún yín kí a tó ṣe yìgì, ẹ̀rù ló bà mí. Tairọ́ìdì mi ò ṣiṣẹ́ tó, oògùn wà fún un, mo sì ń lò ó. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ dókítà kí ẹ gbọ́ ọ fúnra yín." Kó o wá dákẹ́. Ó lè bínú. Ó lẹ́tọ̀ọ́ díẹ̀, kì í ṣe nítorí àìsàn, nítorí ọdún méjì ààbọ̀ yẹn ni. Má jà, má sì di ẹ̀bi ru màmá rẹ. Ìfẹ́ ló mú un sọ ohun tó sọ. Gẹ̀gẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà èwe rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù, ìwọ ò sì ní nǹkan kan lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ara fúnra rẹ̀ ló ń gbógun ti tairọ́ìdì, wọ́n ń fi orúkọ dókítà ará Jàpáànù tó kọ nípa rẹ̀ ní 1912 pè é, ìyẹn Hashimoto. Kì í ràn, kì í sì í ṣe ẹ̀gàn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá jọ lọ sí ọsibítù, kí òun náà ṣe àyẹ̀wò àtọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan tí ọmọ ò dé, tọkọtaya ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Kò dáa kí gbogbo ẹrù wà lórí ọrùn rẹ nítorí pé ọrùn ni tìrẹ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Tí ẹ bá wà lọ́dọ̀ dókítà, béèrè ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé: kí ni kí n ṣe lọ́jọ́ tí ìlà méjì bá yọ? Ara aboyún ń fẹ́ họ́mọ́ọ̀nù yìí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fi hóró méjì kún ti ọ̀sẹ̀ kan, méje á di mẹ́sàn-án, kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Jẹ́ kó kọ tìrẹ sílẹ̀ sórí ìwé báyìí. Má dúró de ìgbà tó o máa forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún ní oṣù kẹrin. Láti ìgbà náà, TSH ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin títí oyún á fi dé ìdajì, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 30. Wọ́n á fún ọ ní oògùn ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Alẹ́ ni kó o máa lo ìyẹn. Tó o bá bímọ, iye tó o ń lò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dá ọ padà sí, wọ́n á sì tún yẹ̀ ọ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. O lè máa fún ọmọ lọ́yàn lórí oògùn náà.

Bẹ̀rẹ̀ folic acid láti ìsinsìnyí, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́, àyàfi tí dókítà bá ní tìrẹ gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iyọ̀ tí wọ́n fi áyódíìnì sí ni kó o máa fi se oúnjẹ, kó o sì máa dé e. Ẹnì kan á ní kó o fi ẹ̀bà sílẹ̀ nítorí gbágùúdá ń bá tairọ́ìdì jà. Níbi tí áyódíìnì bá ti ṣọ̀wọ́n nínú oúnjẹ, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ìwọ jẹ gàrí rẹ tó kan dáadáa tí wọ́n sì yan jinná, o ò ṣẹ̀.

Àgbo Ìlọrin? Ìwọ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, èmi ò mọ̀ ọ́n, dókítà náà ò mọ̀ ọ́n. Gbé e kalẹ̀. Má ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ rẹ pé o ò mu. Nígbà tí ọkọ rẹ bá ti mọ gbogbo rẹ̀, òun ni kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó mọ ohùn tó máa ń fi bá wọn sọ ọ́.

Ní ti ààwẹ̀, dókítà lè sún oògùn sí alẹ́, nígbà tó o bá fẹ́ sùn, bí ó bá ti tó wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn tó o jẹun kẹ́yìn. Tàbí kó o tètè dìde, kó o lò ó ní wákàtí kan ṣáájú sàárì. Tí oyún bá ti wà nígbà náà, àlúfáà yín mọ ohun tí ẹ̀sìn sọ fún aboyún.

Àwọn hóró tó wà nínú mọ́tò yẹn, dà wọ́n nù. Ra tuntun, yẹ nọ́ńbà NAFDAC ara rẹ̀ wò, kó o sì gbé e sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ife omi kan, ní alẹ́ ọjọ́ tó o bá bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀ tán.